Ṣé Ká Máa Jí Bàbá Lójú Oorun Ọ̀sán? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Oorun Àwọn Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ oorun àwọn àgbà lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń wọlé, WhatsApp ń dún, àwọn míì tilẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó jọra ni mo pa pọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi rìtáyà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni mo sì pẹ́ sí jù, ṣùgbọ́n dọ́kítà tó bá fojú ara ẹ̀ rí èèyàn yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ jù mí lọ o.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bàbá wa ti pé ọdún 77, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó rìtáyà. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, orí àga ni, wọ́n á sùn, nígbà míì ó máa ń tó wákàtí kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí WhatsApp ìdílé wa pé oorun ọ̀sán ló ń fa àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Daddy sùn lọ́sàn-án mọ́. Bí wọ́n bá ti ń tòògbé báyìí a ó fọwọ́ kàn wọ́n, a ó yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó ti ń dìjà, wọ́n ní ṣé a fẹ́ pa àwọn ni. Kí la fẹ́ ṣe? — Àbíkẹ́yìn wọn, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá sùn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó ṣàlàyé kankan, torí mo mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá ń jí àgbàlagbà lójú oorun ṣáá, inú á máa bí wọn, ara á wúwo, ilẹ̀ á wá ṣú tán oorun alẹ́ náà ò ní dáa.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kà yẹn nídìí o, wọn ò hùmọ̀ ẹ̀, ibi tí wọ́n já a sí ni ò dáa. Lọ́dún 2022 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Àwọn àgbàlagbà 1,401 ni wọ́n wò, nínú iṣẹ́ ńlá kan tí Yunifásítì Rush ń ṣe ní Chicago, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n so nǹkan kékeré kan bí aago mọ́ wọn lọ́wọ́, lọ́dọọdún wọ́n á wọ̀ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo bí ara ṣe ń mira sí, tí ara ò bá ti mira fúngbà díẹ̀ láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 7 ìrọ̀lẹ́ wọ́n á kà á sí oorun ọ̀sán. (Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bàbá tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń gbọ́ rédíò láìmira náà lè bọ́ sínú ìṣirò yẹn.) Wọ́n rí i pé àwọn tó ń sùn ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ewu pé Alzheimer á mú wọn fi ìdá 40 nínú 100 ju ti àwọn tí oorun ọ̀sán wọn ò tó bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn ló ń fò láti fóònù dé fóònù.

Ìyókù ni wọn kì í fi ránṣẹ́. Àwọn olùwádìí yẹn náà ló sọ pé apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní: oorun ọ̀sán tó pọ̀ máa ń ṣáájú àrùn, àrùn náà sì ń fa oorun ọ̀sán. Àgbàlagbà tí iyè ẹ̀ ṣì pé, oorun ọ̀sán ẹ̀ ń gùn sí i ní bí ìṣẹ́jú 11 lọ́dún, ọjọ́ ogbó lásán nìyẹn. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n ní iyè ẹ̀ ti ń rà díẹ̀díẹ̀, tiẹ̀ di ìṣẹ́jú 24 lọ́dún. Ẹni tí wọ́n ti sọ pé Alzheimer ni, ìṣẹ́jú 68. Ẹ wo bó ṣe fò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n yéé ka wákàtí tí bàbá fi sùn lónìí, kí wọ́n ronú padà sẹ́yìn, báwo ni wọ́n ṣe ń sùn lọ́dún tó kọjá, báwo ló ṣe rí báyìí. Bàbá tó ti ń rẹjú lẹ́yìn oúnjẹ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, tó bá jí tán tó ń ka ìwé ìròyìn, tó mọ iye tó kù nínú pẹ́nṣọ̀n ẹ̀, tó ń bá yín jiyàn ọ̀rọ̀ òṣèlú, ara ẹ̀ ló mọ́ ọn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá tí kì í sùn lọ́sàn-án rí, tó wá jẹ́ pé láti bí oṣù mẹ́fà síbí oorun ti gba àárọ̀, ó tún gba ọ̀sán, tó ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sọnù lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, ẹ má dúró de Kérésì tí ẹ̀gbọ́n máa dé.

Kò tún wá sí níbì kankan nínú ìwádìí yẹn pé tẹ́ ẹ bá gba oorun lójú èèyàn, àrùn ò ní wá mọ́. Wọn ò dán ìyẹn wò rárá. Kódà lọ́dún 2023 àwọn kan ní University College London àti ní Uruguay lo UK Biobank, ìyẹn àkójọ ńlá kan nípa ìlera àwọn èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo àbùdá àjogúnbá (gene) àwọn èèyàn tó lé ní 378,000, wọ́n rí i pé àwọn tí àbùdá wọn mú kí wọ́n máa sun oorun ọ̀sán déédéé, ọpọlọ wọn tóbi díẹ̀ ju ti àwọn yòókù, èyí tí wọ́n fi wé kí ọpọlọ fi ọdún 2.6 sí 6.5 kéré lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìdánwò kan wo bí àwọn èèyàn náà ṣe ń yára fèsì sí nǹkan, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ẹ ẹ̀ rí i, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rù á rí tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yangàn á rí tiẹ̀ náà, èmi ò ní jẹ́ kí ọ̀kan nínú méjèèjì dá bàbá yín lẹ́jọ́.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí oorun ọ̀sán bọ́ sáàárín aago 1 sí aago 3, kó jẹ́ bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí tí oorun bá ti wọra tán kí wọ́n tó jí, ojú á máa ṣú wọn, ẹsẹ̀ ò ní dúró dáadáa, ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti ń ṣubú. Kí bàbá fúnra wọn ṣètò álàámù fóònù wọn, àgbà ni wọ́n, ẹ má fi ṣe ọlọ́pàá oorun. Tó bá sì lọ wákàtí kan lọ́jọ́ kan, ayé ò parẹ́.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé ariwo yẹn lọ ni alẹ́. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn lóru, torí lọ́pọ̀ ìgbà gbèsè alẹ́ ni wọ́n ń san lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde lọ tọ̀? Ó lè jẹ́ súgà, ó lè jẹ́ próstéètì, ó sì lè jẹ́ oògùn BP tó ń múni tọ̀, irú Moduretic tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, tí wọ́n ń lò nírọ̀lẹ́ nígbà tó jẹ́ àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n lò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dọ́kítà tàbí apòògùn kẹ́ ẹ tó yí àkókò ẹ̀ padà, mo ti rí ilé tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló yanjú gbogbo ẹ̀. Ṣé wọ́n ń hanrun gan-an, tó bá yá èémí á dúró, ilé á dákẹ́, wọ́n á wá ṣe bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn kí wọ́n tó mí padà? Sleep apnea ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó ń gbé BP sókè, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn tòògbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó nítọ̀ọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára ń fa oorun, thyroid tí ò ṣiṣẹ́ dáadáa ń fà á. Ìbànújẹ́ náà ń fà á. Ọ̀pọ̀ bàbá tí ìyàwó wọn kú, oorun ni wọ́n ń sá sí, wọn ò ní sọ fún ẹnì kankan pé inú àwọn ò dùn, wọ́n á kàn máa sùn ni.

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm. Ẹni ọdún 72 ni mí, Ìwó ni mo wà. Tí mo bá ti kírun Iṣáì tán, aago 8 alẹ́ mo ti sùn, aago 3 òru ojú mi á là pẹrẹwu, mi ò tún lè sùn mọ́. Mo máa ń fi àkókò yẹn kírun òru. Àwọn ọmọ mi ní àìsàn ni, pé kí n lọ gba oògùn oorun. Mo tún máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, áfáà wa ní sunnah ni. Ṣé mò ń ṣèpalára fún ọpọlọ mi ni?

Ìdáhùn: Wa àlékùm sàlám, Ìyá. Ẹ má lọ gba oògùn kankan. Láti aago 8 sí aago 3 wákàtí méje ni, wákàtí méje sí mẹ́jọ ni wọ́n sì ní kí ẹni tó ti lé ní ọdún 65 máa sùn. Ẹ ti sùn tó, àwọn ọmọ ló ń sùn pẹ́.

Aago kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa tó ń sọ ìgbà tó yẹ ká sùn àti ìgbà tó yẹ ká jí, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń darí ẹ̀. Bá a bá ṣe ń dàgbà, aago yẹn á máa sún síwájú, oorun á tètè dé, á sì tètè lọ, oorun náà ò sì ní wọra bíi ti ọ̀dọ́ mọ́, ariwo díẹ̀ ló ń já a. Tí ojú bá tún ń ní cataract (nǹkan funfun tó ń bo ẹyinjú), ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, aago á tún dàrú sí i, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò tó bá ti pẹ́.

Tí aago 3 yẹn bá ń dùn mọ́ yín torí ìrun òru, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sún sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ lè bá àwọn ọmọ-ọmọ jókòó nírọ̀lẹ́, ẹ máa jókòó síta nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀ lọ, kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kàn yín lójú, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ò tòògbé láàárín Mọ́gáríbì sí Iṣáì, torí oorun ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìgbà yẹn lè gba wákàtí méjì lọ́wọ́ òru. Kẹ́ ẹ máa fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sún un, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Qaylulah tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́sàn-án yẹn, ibi tó yẹ kó wà náà ló wà, ọ̀sán gangan, kúkúrú, kí Alaasári tó tó. Ẹ máa bá a lọ.

Ìbéèrè: Mo ta ọjà ní Lagos, ọdún 58 ni mí. Aago 4 ni mo ń jí nítorí gó-síló, ó ń tó aago 11 kí n tó sùn, ìṣọ́ òru sì ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Jímọ̀. Tọ́jọ́ bá ti kanrí báyìí orí ọjà ni mo ń sùn sí. Ṣé oorun ọ̀sán yẹn tó láti fi dí ti alẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o mà, kò tó, ọ̀rọ̀ tiyín yìí ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí torí àwọn bíi yín ni wọ́n ń bọ́ gbogbo ilé. Wákàtí márùn-ún lẹ̀ ń sùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 fún ọdún 25, Whitehall II lorúkọ iṣẹ́ náà, lọ́dún 2021 wọ́n ní àwọn tó ń sun wákàtí mẹ́fà tàbí kó dín láti àádọ́ta ọdún títí dé àádọ́rin, ewu àrùn ìgbàgbé wọn fi ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tó ń sun wákàtí méje lọ. Ìyẹn ò ní kí àyà yín já, kò ní pé ó dájú pé ó máa ṣe yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí yín gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹni tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sùn dé aago 6 lọ́jọ́ yẹn. Ìṣọ́ òru, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ọ̀sán náà, ẹ bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ò burú. Kẹ́ ẹ sì lọ yẹ BP wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Kẹ́místì àdúgbò wa ló ń fún Màmá ní Lexotan, nígbà tí kò bá sí wọ́n á fún wọn ní Piriton méjì pé oorun á gbé wọn. Ó ti lé lọ́dún kan. Ó dáa àbí kò dáa?

Ìdáhùn: Kò dáa, méjèèjì. Lexotan àti Valium, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, nínú ara àgbàlagbà wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ tán, Màmá á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n lè ṣubú kí egungun ìbàdí dá, wọ́n á sì máa gbàgbé nǹkan débi táwọn èèyàn á fi ní wọ́n ń ṣarán. Piriton tí gbogbo ayé rò pé oògùn ọ̀fìnkìn lásán ni, ó ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé òun gan-an la fi ń rántí nǹkan. Àwọn dọ́kítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Beers, tó ń to àwọn oògùn tó yẹ kí ẹni ọdún 65 sókè yàgò fún, irú méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ẹ má kàn ṣáà ko Lexotan dànù lónìí. Ara tó ti lò ó fún ọdún kan, tí wọ́n bá já a gbà lójijì, gìrì lè gbé e. Ọ̀dọ̀ dọ́kítà ni, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú alẹ́ mà. Ìyá àgbà wa ṣubú nínú bálùwẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, orí wọn gbá ògiri ṣùgbọ́n kò bẹ́jẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní kò sí nǹkan. Láti ìjẹta wọ́n kàn ń sùn ṣáá, tá a bá jí wọn wọ́n á dáhùn wọ́n á tún sùn. Àǹtí mi ní ọjọ́ ogbó ni, pé ká jẹ́ kí wọ́n sinmi. — Ọmọ-ọmọ wọn, Ọ̀ṣogbo

Ìdáhùn: Èyí ò dúró de ìwé ìròyìn, mo ti pe ọmọ yìí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó kọ ọ́, mo ní kí wọ́n gbé ìyá lọ sọ́sibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síbí kí ẹ̀yin yòókù lè mọ̀ ni.

Tí àgbàlagbà bá fi orí gbá nǹkan, iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lè já láàárín agbárí àti ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó di pé ó tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níta ò ju oorun, orí fífọ́, ẹsẹ̀ tí ò dúró dáadáa, ọ̀rọ̀ tí ò já geere mọ́. Àwọn tó ń lo aspirin tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tiwọn tún yá jù. Fọ́tò CT scan ló ń fi hàn, wọ́n sì lè fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde kí ara padà bọ̀ sípò.

Yàtọ̀ sí ìṣubú náà, oorun tó bá dé lójijì, láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan, ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó láéláé. Nínú àgbàlagbà, kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ara má gbóná rárá, oorun àti ọ̀rọ̀ rírú ni àmì tó máa hàn. Àwọn onísúgà tó ń lo Daonil, tí wọn ò bá jẹun dáadáa súgà wọn lè wálẹ̀ jù, wọ́n á dà bí ẹni tó ń sùn. Ẹ tètè wo súgà náà, tó bá wálẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní nǹkan dídùn mu, ọ̀nà ọsibítù lẹ ṣì máa gbà lẹ́yìn ẹ̀ torí ó tún lè wálẹ̀ padà. Ẹni tí oorun ti gbé tán, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ló ń bá wa gbé, ọdún 81. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ìdààmú dé, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, ilé wọn náà la wà o. Aago 2 òru wọ́n á máa rìn káàkiri yàrá. Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án tó ń rìn lóru, a mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. — Ìyàwó ilé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé wí: ìyá yìí kì í ṣe àjẹ́, àìsàn ni. Wọ́n ti lé àwọn ìyá jáde nílé, wọ́n ti lu àwọn míì, nítorí àwọn àmì tẹ́ ẹ kọ síbí yìí gan-an, ó sì ń dùn mí wọra pé a ṣì ń sọ ọ́ láyé tá a wà yìí.

Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n jẹ́ kí ojú wa là lọ́sàn-án. Lọ́dún 2019 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní San Francisco yẹ ọpọlọ àwọn tí Alzheimer ti pa wò, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti kú lọ rẹpẹtẹ, ìdọ̀tí kan tí wọ́n ń pè ní tau ló kún inú wọn. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀lẹ kọ́ ló ń mú ìyá sùn. Aago inú ọpọlọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà tún ń bà jẹ́, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Ìdààmú ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri ayé, kì í ṣe ilé yín nìkan.

Láàárọ̀, ẹ gbé àga wọn síta, kí ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n fún wákàtí kan ó kéré tán, inú yàrá tí kọ́tìnì ti bò látàárọ̀ ló ń pa wọ́n lára jù. Ẹ fún wọn ní nǹkan ṣe, kí wọ́n ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n ká aṣọ, kí wọ́n já ewédú, ì báà má dáa, ẹ ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí oorun ọ̀sán wà, kó kúrú. Kí iná tó tàn dáadáa wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà yín má dúró de ìgbà tó bá ṣókùnkùn tán, torí òjìji lára ògiri ń dẹ́rù bà wọ́n. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé, ẹ má jiyàn, ẹ ní “ẹ jẹ́ ká jẹun ná ká tó máa lọ, Màámi,” ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilé náà lọ́wọ́ wọn, ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń sè. Lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí wọ́n ń wá ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn ìta lóru, ẹ kó nǹkan tí ẹsẹ̀ lè kọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó bóyá inú wọn kún tí wọn ò yàgbẹ́, bóyá ibì kan ń dùn wọ́n, ẹni tí ò lè ṣàlàyé ìrora mọ́, rírìn ló ń rìn ín.

Abẹ́òkúta lẹ wà, ọsibítù Arò ò jìnnà sí yín. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn á rò tí wọ́n bá gbọ́ Arò, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ àgbàlagbà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè dé Ìbàdàn, UCH ní ibi ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012, orúkọ Chief Tony Anenih ló ń jẹ́. Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò sùn. Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá jọ, kí wọ́n pín òru, ọkọ yín náà tó bá wà nílé kó gba òru méjì lọ́sẹ̀, ìyá ẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ẹnì kan sọ ọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ṣèwádìí, Alzheimer kì í ṣe àwa Yorùbá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣe wá. Ìwádìí tí wọ́n ń sọ yẹn wà, ohun ìwúrí ló sì jẹ́, torí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1992. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ń padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n sì ń ṣe irú ẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Lọ́dún 2001 wọ́n gbé èsì jáde: nínú àwọn àgbà Ìbàdàn tí wọn ò tíì ní àrùn ìgbàgbé, ìdá 1.35 nínú 100 ló ń ní in lọ́dún, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Tiwa ò tó ìdajì tiwọn. Kíkéré ló kéré o, wọn ò sọ pé kò sí.

Àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n wò nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rìn lọ sọ́jà, ọ̀pọ̀ wọn ò sanra, BP wọn àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò dà bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn. Àwa tá a ń darúgbó bọ̀ yìí, inú ọkọ̀ la ń gbé, ẹ wo iye tó ní BP àti súgà nínú ẹbí yín. Lọ́dún 2024 ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ to nǹkan 14 tí a lè ṣe nǹkan sí láti dín àrùn yìí kù. BP wà níbẹ̀, súgà wà níbẹ̀, ìdánìkanwà wà níbẹ̀, etí tí ò gbọ́ràn dáadáa àti ojú tí ò ríran dáadáa tí wọn ò tọ́jú wà níbẹ̀. Oorun ò sí lára 14 yẹn. Kì í ṣe pé oorun ò ṣe pàtàkì, mo ti sọ tiẹ̀ tó lónìí, ṣùgbọ́n mo ń rí ilé tí wọ́n ti ń bá bàbá jà lórí oorun ìṣẹ́jú ogójì, tó sì ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti yẹ BP bàbá wò. Ọ̀rọ̀ etí yẹn náà, ẹ má fojú di í: bàbá tí ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nínú pálọ̀ mọ́, á jókòó sáàárín yín, á máa wo ẹnu yín, tó bá sú u á sùn. Kẹ́ ẹ tó pè é ní Alzheimer, ẹ gbé bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí i.